Nígbà Tí Ìjọba Bá Pe Owó Lẹ́jọ́

Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní United States v. $124,700 in U.S. Currency. Ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ náà. Ìjọba Amẹ́ríkà ni olùpẹjọ́, 124,700 dọ́là sì ni ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Kò sí orúkọ ènìyàn kankan níbẹ̀. Owó gan-an ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, òun ni wọ́n ní kó wá jẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ owó kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra ní kóòtù wọn: wọ́n ti pe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́jọ́ rí, wọ́n ti pe ilé, wọ́n ti pe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti pe àpótí gíláàsì.

Ìlú Houston ni mo fi ṣe ibùgbé. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo ń rà ránṣẹ́ sí Èkó tẹ́lẹ̀, owó ọwọ́ la sì ń ná nídìí òwò náà. Nísinsìnyí, ọ́fíìsì lọ́yà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń bá àwọn ènìyàn wa to ìwé wọn jọ bí ìjọba bá gba owó lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú tàbí lójú títì. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ kì í rọrùn fún mi láti sọ: òfin yìí kò fi dandan béèrè ohun tí ẹ ṣe, ohun tí owó yín ṣe ló ń béèrè. Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, àfi ká padà sẹ́yìn lọ wo ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá. Orí òkun ló ti wá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá tẹ ènìyàn pa, tàbí tí akọ màlúù bá kan ènìyàn pa, ohun tó pààyàn náà, tàbí iye owó rẹ̀, di ti ọba. Wọn kì í wádìí bóyá ẹni tó ni ín mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àṣà yìí wà títí ọkọ̀ ojú irin fi dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn, tí owó tí wọ́n ń bù lé àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè lórí sì ń ga sí i. Ní ọdún 1846 ni àwọn aṣòfin wọn fagi lé e. Ṣùgbọ́n òfin kan tó fara jọ ọ́ kò kú ní tirẹ̀. Láti ọdún 1651 àti 1660 ni wọ́n ti ṣe òfin pé ọkọ̀ ojú omi tó bá kó ọjà lọ́nà tí ọba kò fọwọ́ sí, àtọkọ̀ àtẹrù ni ìjọba yóò gbà.

Òfin yìí wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1768, àwọn aṣọ́bodè ọba gba ọkọ̀ Liberty, tí í ṣe ti John Hancock, ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò ńlá ìlú Boston. Wọ́n ní ó gbé wáìnì wọlé láìsan owó bodè. Ìlú dàrú lọ́jọ́ náà, ìbínú àwọn èrò sì pọ̀ débi pé àwọn aṣọ́bodè sá kúrò láàárín ìlú. Kóòtù ọ̀rọ̀ òkun tó gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ náà kò ní ìgbìmọ̀ ará ìlú tó máa ń bá adájọ́ dá ẹjọ́. Adájọ́ ọba nìkan ló jókòó, ó sì ní kí ọkọ̀ náà lọ. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ìwé òmìnira wọn ní 1776, tí Hancock fi ọwọ́ gàdàgbà sí i, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọba ni pé ó fi irú ìdájọ́ ará ìlú bẹ́ẹ̀ dù wọ́n.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gba òmìnira tán, òfin ọ̀hún ni àwọn náà tún gbé lò. Owó bodè ni ìjọba tuntun náà fi ń gbọ́ bùkátà. Ní oṣù Keje ọdún 1789, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àkọ́kọ́ ṣe òfin pé ọkọ̀ àti ẹrù fàyàwọ́ yóò di ti ìjọba. Bí wọ́n bá sì ta ẹrù náà, ìdajì yóò wọ àpò ìjọba, àwọn aṣọ́bodè tó wà ní èbúté náà yóò sì pín ìdajì kejì. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣòfófó, òun náà yóò gba ìpín tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìdajì yìí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà inú ìtàn náà wà.

Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Grampus mú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Palmyra, wọ́n ní iṣẹ́ ajalèlókun ló ń ṣe. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní 1827, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé kò yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá ènìyàn kan lẹ́bi kí ọkọ̀ rẹ̀ tó lọ sí i? Adájọ́ Joseph Story ní rárá o. Ó ní ohun tí wọ́n mú náà ni òfin ń wò bí ọ̀daràn, pé ẹjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹjọ́ ẹni tó ni ín. Ní 1844, wọ́n tún gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ Malek Adhel. Ọ̀gákọ̀ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lu àwọn ọkọ̀ ẹlòmíràn lójú òkun, àwọn tó ni ọkọ̀ náà kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kóòtù gbà pé wọn kò mọ̀. Ẹrù inú ọkọ̀ padà sọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe òfin náà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè wà ní Havana tàbí ní Lisbon, kó má sì fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà títí láé. Ọwọ́ òfin kò tó o. Ọkọ̀ nìkan ló wà nílẹ̀, bí wọn kò bá sì pe ọkọ̀ lẹ́jọ́, kò sí ẹni tí wọn yóò pè.

Àwa ọmọ Yorùbá gan-an jẹ àǹfààní òfin yìí. Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣóogùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Esperança Feliz. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà, ó sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown. Kóòtù kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1819 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Potogí jọ dá sílẹ̀. Ọkọ̀ ni kóòtù náà ń pè lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ lẹ́bi, wọn a tà á, ìjọba méjèèjì a pín owó rẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú a sì di òmìnira. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1807 sì ti fún àwọn atukọ̀ ogun ní ẹ̀bùn orí ẹrú tí wọ́n bá gbà sílẹ̀: 40 pọ́n-ùn lórí ọkùnrin, 30 lórí obìnrin, 10 lórí ọmọdé.

Ọmọ Òṣóogùn yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864, ẹni tó ṣe gudugudu méje lórí Bíbélì èdè wa. Ká ní òfin sọ pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹni tó ni ẹrú mú ní Bahia tàbí ní Lisbon kí ẹjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, inú ìdè ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá wa ì bá kú sí. Nítorí náà, ẹ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òfin tí ń pe nǹkan lẹ́jọ́ burú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ibi tó yẹ ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ibi tí ọ̀daràn ti sá pamọ́ tàbí tí ọwọ́ òfin kò tó o.

Ní ti ìdajì tí àwọn aṣọ́bodè ń gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kó ìtìjú bá wọn. Ní ìlú New York, ilé iṣẹ́ Phelps, Dodge ń kó bàbà àti tánńganran wọlé. Àwọn aṣọ́bodè tú ìwé ìṣirò wọn, wọ́n rí àṣìṣe díẹ̀ nínú iye tí wọ́n kọ sórí àwọn ẹrù kan, wọ́n sì dẹ́rù bà wọ́n pé gbogbo ẹrù náà ni yóò lọ. Ilé iṣẹ́ náà san ohun tó lé ní 271,000 dọ́là ní 1873 kí ọ̀rọ̀ lè tán. Nígbà tí wọ́n pín in, Chester Arthur, ọ̀gá aṣọ́bodè èbúté náà, wà lára àwọn tó jẹ níbẹ̀. Arthur yìí kan náà ló di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1881. Àwọn oníṣòwò figbe ta, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ nínú owó ìtanràn kò lè fi òótọ́ inú wádìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1874, àwọn aṣòfin gba ìdajì náà lẹ́nu àwọn aṣọ́bodè, wọ́n sì fi owó oṣù rọ́pò rẹ̀. Ní 1886, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún sọ nínú ẹjọ́ Boyd, tó dá lórí 35 àpótí gíláàsì, pé bí wọ́n tilẹ̀ ń pe irú ẹjọ́ yìí ní ẹjọ́ owó, ìjìyà ọ̀daràn ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá tú ìwé ẹni.

Láàárín 1920 sí 1933 tí wọ́n fòfin de ọtí líle ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wá gba ipò ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí ogun oògùn olóró fi dé. Òfin ti ọdún 1970, tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí, ní kí ìjọba gba oògùn náà, irinṣẹ́ rẹ̀ àti ọkọ̀ tó gbé e. Ní 1978, wọ́n fi owó kún un: owó tí wọ́n bá fẹ́ fi ra oògùn olóró, owó tí ẹnì kan bá rí nídìí títà rẹ̀. Ní 1984, lábẹ́ Ààrẹ Reagan, wọ́n fi ilẹ̀ àti ilé kún un, wọ́n sì ṣe ohun tí àwọn aṣòfin 1874 ti fòpin sí. Wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka ètò ìdájọ́ níbi tí owó tí wọ́n bá gbà yóò máa wọ̀, tí owó iṣẹ́ agbófinró yóò sì máa ti ibẹ̀ jáde. Bí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ bá gba owó, tó gbé e fún ìjọba àpapọ̀, wọ́n lè dá nǹkan bíi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún padà fún un. Ní 1986, 93.7 mílíọ̀nù dọ́là ló wọ àpò yẹn. Nígbà tó fi máa di 2014, ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́dún kan jẹ́ 4.5 bílíọ̀nù. Ìdajì àwọn aṣọ́bodè ti padà wálé, ó sì ti ju ìdajì lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí 124,700 dọ́là tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2003, ọlọ́pàá dá ọkùnrin kan dúró lórí márosẹ̀ I-80 ní ìpínlẹ̀ Nebraska nítorí pé ó ń sáré jù. Ọkọ̀ tó wà, ṣe ni wọ́n yá a. Wọ́n bá owó náà nínú ike tí wọ́n fi ń gbé ohun mímu tútù. Ajá ọlọ́pàá gbóòórùn, ó fi hàn pé òun gbọ́ oògùn olóró, ṣùgbọ́n wọn kò rí hóró oògùn kan. Ọkùnrin náà ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ló da owó náà jọ láti fi ra ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé ẹrù tútù. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbà á gbọ́, ó ní kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 2006, méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta fagi lé ìdájọ́ yẹn, owó sì lọ. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1994 ni kóòtù mìíràn ti gbọ́ ẹ̀rí nínú ẹjọ́ 30,060 dọ́là pé ó lé ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó bébà tó wà nígboro Los Angeles tí àmì oògùn olóró ti ràn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ajá ń fi hàn?

Owó tí a ń kó gba pápákọ̀ òfurufú ní ìtàn tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ti ń kó sí wàhálà. Láti ọdún 1970 ni òfin ti ní kí ẹni tó bá ń gbé owó wọ Amẹ́ríkà tàbí tó ń gbé e jáde sọ fún aṣọ́bodè bí owó náà bá kọjá iye kan. 5,000 dọ́là ni nígbà náà. Ní 1984 ló di 10,000, kò sì tíì yí padà títí dòní. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: òfin kò sọ pé kí ẹ má gbé owó. Bí ẹ fẹ́, ẹ gbé 100,000. Ohun tó ní ni pé kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní FinCEN 105. Ẹni tó ń gbé owó olówó náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn mìíràn a ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré ni tèmi níbẹ̀, ti Ìyá Ṣọlá ni ìyókù." Aṣọ́bodè kò mọ Ìyá Ṣọlá. Ọwọ́ yín ni owó wà.

Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ dá ibi tí òfin yìí gbọ́dọ̀ mọ dúró ni United States v. Bajakajian. Ní 1994, ọkùnrin kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Cyprus láti pápákọ̀ Los Angeles, 357,144 dọ́là sì wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò sọ. Owó náà mọ́, gbèsè ni ó fẹ́ fi san. Ìjọba fẹ́ kó gbogbo rẹ̀. Ní 1998, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ, pẹ̀lú ohùn márùn-ún sí mẹ́rin, pé òfin ilẹ̀ wọn kò gba ìtanràn tó pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, pé ẹ̀ṣẹ̀ àìkọ fọ́ọ̀mù kò tó ohun tí wọn yóò fi kó gbogbo owó ènìyàn.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2000, Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin àtúnṣe kan tí Henry Hyde, aṣòfin láti Illinois, ti ń jà fún láti ọdún pípẹ́. Kí òfin yẹn tó dé, ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá fi hàn pé owó náà mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó ìdúró kí kóòtù tó gbọ́ tirẹ̀. Òfin tuntun yìí yí i padà: ìjọba ni yóò mú ẹ̀rí wá, a kì í san owó ìdúró mọ́, ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan òun ṣe ibi sì lè gbà á padà. Bí ènìyàn bá borí, ìjọba yóò san owó lọ́yà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó láti gba lọ́yà, wọn kì í fún un ní ti ọ̀fẹ́, àfi bó bá jẹ́ ilé tó ń gbé ni wọ́n fẹ́ gbà.

Obìnrin kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Owó àjọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin méjìlá ló ń dá a lóṣooṣù, òun ló kan, ó sì fẹ́ fi kan òrùlé ilé tó ń kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo tẹ́ lẹ́tà náà sórí tábìlì, a jọ kà á. Lókè, nọ́ńbà gígùn kan wà tí wọ́n fún owó náà. Lábẹ́ rẹ̀, iye owó dé orí sẹ́ńtì, ibi tí wọ́n ti gbà á, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti òfin tí wọ́n fi gbà á. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kejì, ọjọ́ kan wà tí wọ́n kọ láìfi àwọ̀ dúdú kùn ún, bẹ́ẹ̀ òun ni ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo lẹ́tà náà.

"Bọ̀dá, ṣé owó mi ni wọ́n pè lẹ́jọ́ ni?" Ó tún un bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Owó yín ni wọ́n pè, Mà. Ẹ̀yin lẹ máa bá a sọ̀rọ̀."

Mo ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà méjì ló wà nínú lẹ́tà náà, wọ́n sì jọra lójú. Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀bẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó gba owó ni ó ń lọ sí, àwọn kan náà ni yóò jókòó dá a, adájọ́ kò ní rí i. Ìkejì ni ìwé tí ènìyàn fi ń sọ pé, "Èmi ni mo ni owó yìí, ẹ gbé mi lọ sí kóòtù." A óò búra sí i, a kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ìwé kejì yìí bá dé ọwọ́ wọn, ìjọba ní 90 ọjọ́ láti gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́ tàbí kí wọ́n dá owó padà. Òfin kò jẹ́ kí ọjọ́ tí wọn yóò fún ènìyàn láti fi ìwé náà ránṣẹ́ dín ní 35 láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà sí póòsì. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìgbọ́ nǹkan kan, owó di ti ìjọba, kò sí adájọ́ kankan tí yóò gbọ́ sí i. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ owó ń gbà lọ.

Ẹ̀rí ló kù. Àjọ kì í ní rìsíìtì báǹkì. Mo ní kó lọ gba ìwé alájọ wá. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí etí rẹ̀ ti ká ni alájọ gbé wá, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ lápá òsì, oṣù lókè, àmì sí ibi tí oníkálukú ti san. Ní iwájú oṣù obìnrin wa, ó kọ "ó kó o" ó sì fọwọ́ sí i. A ya gbogbo ojú ewé náà, a túmọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin yòókù lọ búra lọ́kọ̀ọ̀kan pé àwọn ló dá a, wọ́n sì fi ìwé owó oṣù wọn tì í: nọ́ọ̀sì, onídìrí, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó. Lọ́yà wa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Kí 90 ọjọ́ tó pé, èsì dé pé wọn kò ní gbé e lọ sí kóòtù. Owó padà.

Ọ̀rọ̀ kì í sì í parí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2017, ní pápákọ̀ òfurufú ní Houston níbí, wọ́n gba owó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tí a bí ní Nàìjíríà, tó fẹ́ fi kọ́ ilé ìwòsàn kékeré sílé. Wọn kò fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù, ọjọ́ tí òfin fún ìjọba sì kọjá láìṣe nǹkan kan. Dípò kí wọ́n dá owó rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí i pé kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òun kò ní pe ìjọba lẹ́jọ́. Ó kọ̀. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù ní 2018, lẹ́yìn èyí ni owó tó dé.

Nǹkan kan wà tí mo máa ń fi han àwọn tó bá wá síbi iṣẹ́ wa. Òfin ìlànà tí kóòtù ń lò fún ẹjọ́ owó títí dòní, tí wọ́n tún tò ní 2006, inú ìwé ìlànà ẹjọ́ ọ̀rọ̀ òkun ló wà. Owó tí wọ́n gbà nínú mọ́tò ní Nebraska, níbi tí òkun kò sí rárá, ìlànà ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Adájọ́ Clarence Thomas kíyè sí èyí ní 2017 nínú ẹjọ́ Leonard v. Texas, tó dá lórí 201,100 dọ́là tí wọ́n gbà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbọ́ ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n Thomas kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ pé láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ owó bodè àti ajalèlókun ni òfin yìí wà fún, níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó ẹni tó ni nǹkan, pé bóyá ni ìtàn yẹn lè gbé ohun tí wọ́n ń fi òfin náà ṣe lóde òní. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Timbs, Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kọ ìdájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, kóòtù kan náà sọ pé kò di dandan kí ìjọba kọ́kọ́ gbé ènìyàn síwájú adájọ́ láti béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n mú nǹkan rẹ̀ dání nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò dúró de kóòtù. New Mexico fòpin sí ọ̀nà yìí ní 2015, Nebraska ní 2016, Maine ní 2021. Níbẹ̀, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ dá ènìyàn lẹ́bi.

Òfin yìí ti dé ilé pẹ̀lú. Òfin tí Nàìjíríà fi ń gbógun ti àwọn oníjìbìtì, ti ọdún 2006, ní abala 17 tó jẹ́ kí Ilé Ẹjọ́ Gíga gba owó sílẹ̀ láìtíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọn yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ni owó náà lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, àwọn EFCC bá 43.4 mílíọ̀nù dọ́là, 27,800 pọ́n-ùn àti mílíọ̀nù 23 náírà nínú fúláàtì kan ní Osborne Towers, ní Ìkòyí. Kò sí ẹni tó jáde wá fi hàn ní kóòtù pé òun ló ni ín. Ní oṣù Kẹfà, Adájọ́ Muslim Hassan ní kó di ti ìjọba àpapọ̀. Ní 2019, nínú ẹjọ́ Patience Jonathan, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wa fọwọ́ sí i pé abala 17 kò tako òfin ilẹ̀. Òfin mìíràn tó gbòòrò sí i tún jáde ní 2022.

Owó Ìkòyí yẹn, mo gbà pé ibi tó yẹ ẹ́ ni òfin náà bá a. Owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ni ín kọ̀ láti fojú hàn, kò yàtọ̀ sí ọkọ̀ ẹrú tí olówó rẹ̀ jókòó sí Lisbon. Ṣùgbọ́n obìnrin Ìjẹ̀bú tó kó àjọ, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìrìnnà, àdírẹ́sì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, òun fúnra rẹ̀ dúró níwájú aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá gbà pé ó dẹ́ṣẹ̀, kí wọ́n pe òun lẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kóòtù tó bá sì pe owó tí kò lẹ́nu, tí ẹni tó ni owó kò sì rí lọ́yà gbà, ẹjọ́ ẹnì kan ló gbọ́.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní àbá òfin kan nílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FAIR Act. Ní 2023, ìgbìmọ̀ ètò ìdájọ́ Ilé Aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i láìsí ẹyọ ohùn kan tó takò ó, látinú ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì. Bó bá di òfin, ilé iṣẹ́ tó gba owó kò ní lè dá ẹjọ́ ara rẹ̀ mọ́, adájọ́ ni yóò gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lówó yóò rí lọ́yà. Owó tí wọ́n bá sì gbà, àpò gbogbo ìlú ni yóò wọ̀, kò ní wọ àpò àwọn tó gbà á. Ohun tí wọ́n mọ̀ ní 1874 ni wọ́n tún fẹ́ mọ̀ yìí, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Títí yóò fi jáde, ẹ sọ iye owó yín fún aṣọ́bodè, ẹ pa ìwé àjọ yín mọ́, bí lẹ́tà bá sì dé, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ rọ́pò ẹ̀tọ́ yín: ẹ ní kí wọ́n gbé yín dé iwájú adájọ́, kí ọjọ́ tó pé.